"Pass out": Dídákú ni àbí ìkẹ́kọ̀ọ́-jáde?

Bí ọmọ Yorùbá kan tó ń wá iṣẹ́ ní London bá jókòó síwájú dókítà tó fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò, tí dókítà náà sì bi í léèrè bóyá ó ti "pass out" rí, ó ṣeé ṣe kí ó fi ẹ̀rín músẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọdún 2015 ni òun "pass out" ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ọdún náà ni òun kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ohun tí dókítà yóò kọ sílẹ̀ ni pé ẹni yìí ti dákú rí, inú ọgbà yunifásítì ló sì ti ṣẹlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìbéèrè yóò ti máa rọ́ lu ìbéèrè: ṣé orí ló fi gbálẹ̀? Ṣé àyà rẹ̀ máa ń já? Ṣé wárápá wà nínú ìdílé wọn? Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n sì jọ ń sọ.

Ọ̀rọ̀ méjì ló para pọ̀ di "pass out". "Pass" dúró fún kíkọjá tàbí yíyege, "out" sì dúró fún ìta tàbí òde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ láti wá ìtumọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwé atúmọ̀ èdè yóò kàn ṣe wàhálà lásán ni, nítorí pé ìtumọ̀ tí àwọn méjèèjì ń ní nígbà tí wọ́n bá so pọ̀ kì í ṣe ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. "Phrasal verb" ni àwọn onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀, ó sì pọ̀ nínú èdè náà bí èèrùn: "give up", "put off", "turn down", "break down", àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò WAEC tàbí ti JAMB mọ̀ bó ṣe ń dààmú ẹni tó.

Bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí irú rẹ̀ ṣàjèjì sí Yorùbá. Èdè Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn onímọ̀ gírámà ń pè ní ẹlẹ́là, èyí tí àbọ̀ máa ń bọ́ sí àárín rẹ̀. Ẹni tó gba Olú gbọ́ kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ Olú, kò sì pọn dandan kí ó fi etí gbọ́ nǹkan kan. Ó kàn ní ìgbàgbọ́ nínú rẹ̀ ni. Ẹni tó tan ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ kò fi eyín kan ẹran ara ọ̀rẹ́ náà. Ọmọ Yorùbá kì í ronú sí ìwọ̀nyí lẹ́ẹ̀mejì kó tó lò wọ́n. Bí ọmọ òyìnbó ṣe ń lo "pass out" nìyẹn.

Inú èdè Faransé àtijọ́ ni "pass" ti wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ England lọ́dún 1066. Faransé fúnra rẹ̀ rí i mú láti inú èdè Látìnì, níbi tí "passus" ti túmọ̀ sí ìṣísẹ̀. "Out" ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìrìn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, pé kí èèyàn kọjá síta. Lójú ìrìn yìí, ẹni tó dákú ti rìn jáde kúrò nínú iyè rẹ̀. Ẹni tó parí ẹ̀kọ́ ti rìn jáde kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ìwé tí wọ́n pín sì ti ti ọwọ́ ẹnì kan jáde lọ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Dídákú ni ìtumọ̀ tó gbilẹ̀ jù lọ lónìí níbi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè abínibí. Bí wọ́n bá sọ pé "she passed out" láìfi nǹkan kan kún un, dídákú ni yóò kọ́kọ́ sọ sí ará Amẹ́ríkà tàbí ará Britain lọ́kàn. Ohun tó fa dídákú náà ni wọ́n máa ń fi "from" tàbí "with" gbé wá. "He passed out from hunger" túmọ̀ sí pé ebi ló mú kí ó dákú. "She passed out with the pain" túmọ̀ sí pé ìrora ló gbé e dákú. Nígbà mìíràn, wọ́n á fi "cold" kún un, pé "he passed out cold", èyí tó fi hàn pé ẹni náà kò mira mọ́ rárá. "Cold" yìí kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú òtútù.

Ìtumọ̀ yìí kì í gba àbọ̀. "The heat passed him out" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. "The heat made him pass out" ni wọ́n ń sọ. Fún ẹni tí wọ́n lù títí tó fi dákú, tàbí tí oògùn gbé sùn, "knock out" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ láti ibi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, kí àwọn ọmọdé Èkó tó wá sọ ọ́ di orúkọ nǹkan tó ń bú gbàmù tí wọ́n ń yìn nígbà ọdún Kérésì.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ tí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. "Faint" ló sún mọ́ ọn jù, òun sì ni èèyàn sábà máa ń bá pàdé nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa ìlera. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni "pass out" ní tirẹ̀. "Collapse" kò sọ ju pé èèyàn ṣubú lulẹ̀ lọ. Ó lè wà nílẹ̀ níbẹ̀ kí ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀, kó tún máa dáhùn ọ̀rọ̀. "Black out" máa ń tọ́ka sí dídákú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń lò ó fún onímutí tó rìn, tó sọ̀rọ̀, tó tiẹ̀ jó, ṣùgbọ́n tí kò rántí ẹyọ kan nínú rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ní Nàìjíríà, iná mọ̀nàmọ́ná ti gba "blackout" mọ́ aláìsàn lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá náà ṣe yá "dákú-dájí" lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn láti fi bú àwọn oníná.

Ọtí tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá sọ pé ẹnì kan "passed out on the sofa", ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé ó mu ọtí yó débi tó fi sùn lọ fọnfọn sórí àga. Ṣé oorun ni àbí dídákú? "Pass out" kò fi ìyàtọ̀ sí i, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Ẹni tí ọtí gbé ṣubú lè máa bì nígbà tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, kí èébì náà sì dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn elétò ìlera fi máa ń kìlọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ "he has passed out" láti ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi àríyá kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ oorun lásán ni wọ́n ń sọ.

Ní ti dídákú gan-an, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọpọlọ ló sábà máa ń dínkù fún ìgbà díẹ̀. Ìtọ́ni ètò ìlera ìjọba Britain, NHS, ni pé kí wọ́n fi ẹ̀yìn ẹni náà lélẹ̀, kí wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ó sábà máa ń lajú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20. Bí ìṣẹ́jú kan bá kọjá tí kò sì jí, 999 ni kí wọ́n pè. Ní Amẹ́ríkà, 911 ni nọ́ńbà náà. Ní Nàìjíríà, 112 ni, Èkó sì tún ní 767. Ẹni tó bá gbé ìpè náà ní ilẹ̀ òyìnbó kò ní lo ọ̀rọ̀ ìwé. Yóò béèrè pé "did she pass out?", yóò sì tún béèrè pé "how long was she out?" Ìbéèrè kejì yìí lè da àgbàlagbà Yorùbá láàmú, kí ó rò pé wọ́n ń béèrè iye wákàtí tí ìyàwó òun ti fi jáde nílé. Iye àkókò tó fi wà láìmọ nǹkan kan ni wọ́n ń béèrè, ìdáhùn náà sì ṣe pàtàkì fún àwọn tó ń bọ̀ wá gbé e.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sí ilé ìwòsàn. Ní Britain, awakọ̀ tó bá ń dákú gbọ́dọ̀ fi tó DVLA létí, ìyẹn àjọ tó ń fún àwọn awakọ̀ níwèé àṣẹ. "Yes" kan ṣoṣo, tí èèyàn fi ọkàn sí ọjọ́ tó wọ aṣọ akẹ́kọ̀ọ́-jáde tó sì ya fọ́tò pẹ̀lú ìyá rẹ̀, lè di ohun tí wọn yóò máa bi í léèrè kó tó lè wa ọkọ̀.

Ibo wá ni ìtumọ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́-jáde yìí ti wá? Kì í ṣe àwọn ọmọ Nàìjíríà ló hùmọ̀ rẹ̀. Àwọn ológun Britain ni wọ́n ń sọ pé ọmọ ogun tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti "passed out", ayẹyẹ tí wọ́n sì fi ń yọ̀ǹda wọn ni "passing-out parade". Títí di òní, ìwé atúmọ̀ èdè àwọn òyìnbó ṣì ń to ìtumọ̀ yìí mọ́ àwọn yòókù, pẹ̀lú àlàyé pé ti ológun ni. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun tó wà ní Sandhurst, "Sovereign's Parade" ni wọ́n ń pe tiwọn, nítorí pé lórúkọ ọba tàbí ọbabìnrin ilẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é. Ní ìparí rẹ̀, àwọn ọ̀gágun tuntun yóò yan gun àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Old College, ọ̀gá kan yóò sì gun ẹṣin tẹ̀ lé wọn lórí àtẹ̀gùn náà wọnú ilé. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé ńṣe ni wọ́n ń wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n ń jáde.

Yakubu Gowon wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba ẹ̀kọ́ ní Sandhurst ní àárín àwọn ọdún 1950. Òun náà ló jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà tí wọ́n dá ètò àgùnbánirọ̀, NYSC, sílẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Àṣà ológun pọ̀ nínú ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀: káńbù, jíjí ní ìdájí, yíyan lórí pápá, aṣọ àti bàtà kan náà. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ àwọn ológun bá a wọlé. Ọjọ́ tí àwọn àgùnbánirọ̀ bá parí ọdún kan tí wọ́n fi sin ilẹ̀ baba wọn ni ọjọ́ "passing out", àwọn ọ̀dọ́ sì ti gé e kúrú sí "POP". Bákan náà ló rí ní ilé ẹ̀kọ́ ológun NDA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1964, àti láàárín àwọn ọlọ́pàá. Àgùnbánirọ̀ tó bá sọ pé òun "passed out" lọ́dún tó kọjá kò ṣe àṣìṣe kankan. Ọ̀rọ̀ tí ètò náà fúnra rẹ̀ ń lò ló lò.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí káńbù. Wọ́n ń lò ó fún ilé ìwé gíga, fún ilé ìwé girama, títí kan ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Èdè Yorùbá sì ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é. Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́, Yorùbá ní ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ẹni tó bá sì yege ìdánwò, wọ́n ní ó páàsì. Páàsì rèé, jáde rèé: bí ẹni fi aṣọ Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ló rí. Yorùbá nìkan kọ́ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Íńdíà, "he passed out of college" wọ́pọ̀ débi pé "pass-out" ni wọ́n ń pe akẹ́kọ̀ọ́-jáde fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìkánjú sọ pé àìmọ̀kan ni, kò wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ń lò láàárín ara wọn, tí wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé, kì í ṣe àṣìṣe láàárín wọn. Wàhálà rẹ̀ kò ju pé kò ní ìwé ìrìnnà lọ: bó bá ti dé pápákọ̀ òfurufú òyìnbó, ìtumọ̀ rẹ̀ á yí padà.

Nítorí náà, nínú ìwé ìwáṣẹ́ tàbí níwájú òyìnbó, "graduate" ló dára jù fún yunifásítì, kò sì gbọdọ̀ ṣàìní "from": "I graduated from the University of Ibadan in 2015." Fún ilé ìwé girama, àwọn ará Britain máa ń sọ pé "I left school in 1998." Èyí náà ní ìdẹkùn tirẹ̀ fún ọmọ Yorùbá, ẹni tí yóò rò pé ńṣe ni onítọ̀hún sá kúrò níléèwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó parí rẹ̀ ni. Télọ̀ tàbí mẹkáníìkì tó gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ fún òyìnbó pé òun ti ṣe "freedom", nítorí kò ní í yé e. "I finished my apprenticeship" ni yóò yé e.

Ìtumọ̀ kẹta ni pípín nǹkan fún ọ̀pọ̀ èèyàn. "The teacher passed out the papers": olùkọ́ pín ìwé fún àwọn ọmọ kíláàsì. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń lò ó jù. "Give out" tàbí "hand out" ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Britain. Ìtumọ̀ yìí ní tirẹ̀ máa ń gba àbọ̀, ibẹ̀ sì ni òfin kan wà tí àwọn olùdánwò fẹ́ràn. Bí àbọ̀ náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó lè wà ní àárín tàbí ní ìparí: "pass the papers out", "pass out the papers". Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, àárín nìkan ni àyè rẹ̀: "pass them out". "Pass out them" kò sí. Ẹni tó ń sọ Yorùbá yẹ kó rí èyí bí ohun tó rọrùn, nítorí pé tirẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: "gbà á gbọ́" àti "gba Olú gbọ́" ló wà, kò sẹ́ni tó ń sọ pé "gbàgbọ́ Olú". Àárín ni Yorùbá ń fi àbọ̀ sí, ìbáà jẹ́ orúkọ tàbí arọ́pò-orúkọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lè ṣèpalára jù ni ibi tí "pass" ti ń dá rìn láìsí "out", tàbí tó ti ń bá ọ̀rọ̀ mìíràn rìn. Ní ilé ìwòsàn, "pass urine" àti "pass water" túmọ̀ sí títọ̀, "pass stool" túmọ̀ sí yíyàgbẹ́, "pass blood" sì túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ jáde. Kò sí "out" nínú èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n nítorí pé "jáde" wà lọ́kàn Yorùbá, ó máa ń fi "out" kún un. Bó bá dárúkọ ohun tó jáde, yóò ṣì yé nọ́ọ̀sì. Bí ojú bá tì í láti dárúkọ ìgbẹ́ níwájú àlejò, tó wá sọ pé "my father has been passing out since morning", nọ́ọ̀sì yóò sáré wọn ìfúnpá bàbá tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu, yóò máa wá ohun tó ń mú un dákú léraléra.

"Pass away" ni kíkú, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ pé àgbàlagbà papòdà tàbí pé ọba wàjà kí wọ́n má baà sọ ọ́ ní ìhòòhò. "Pass on" pẹ̀lú lè jẹ́ kíkú, bẹ́ẹ̀ ló sì tún lè jẹ́ jíjẹ́ iṣẹ́ fún ẹlòmíràn: "please pass on the message". Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Britain, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kí wọ́n tó fa iṣẹ́ lé ẹni tó kàn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ìyá kan "passed out" ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ó dákú ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó "passed away", wọn yóò wá gbé òkú. Yorùbá máa ń sọ pé ẹnì kan jáde láyé, "dákú" fúnra rẹ̀ sì ní "kú" nínú. Ẹni tí ó ti rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, tó ń fi ọkàn túmọ̀ "jáde láyé", lè ṣèèṣì fi "out" sí ibi tí "away" yẹ kó wà. Bí nǹkan bá ti le tó bẹ́ẹ̀, "she fainted" tàbí "she died" ló dára jù, bó tilẹ̀ dà bíi pé ọ̀rọ̀ kejì yẹn ṣe gbanja létí Yorùbá.

Àwọn ìlò kéékèèké kan tún wà. Nínú eré káàdì tí wọ́n ń pè ní bridge, bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ta á bá yọwọ́ láìsí ẹni tó sọ iye tó fẹ́, wọ́n á ní ọwọ́ náà ti "passed out", wọ́n á sì bọ́ sí òmíràn. Ní àwọn gbọ̀ngàn eré ní Britain, "pass-out" ni tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ jáde díẹ̀ kí ó tó padà wọlé.

Ní ti kíkọ sílẹ̀, "passed" ni fún ohun tó ti kọjá, kì í ṣe "past", bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ni àwọn méjèèjì ń dún létí. "He past out" wọ́pọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, àwọn òyìnbó fúnra wọn sì ń ṣe é. Ọ̀rọ̀-orúkọ ayẹyẹ àwọn ológun ni wọ́n ń fi àmì sáàárín rẹ̀, "passing-out parade"; ọ̀rọ̀-ìṣe kì í gba àmì náà.